Sítíárìn Líle àti Sítíárìn Fífúyẹ́: Ọwọ́ Awakọ̀ ní Ìkejà àti Agége

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé orí sítíárìn ọkọ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi yóò dá lé, ó bi mí léèrè bóyá mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni. N kò bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ èjìká àti ọrùn-ọwọ́ ènìyàn ni pẹ̀lú, ó sì kan ẹ̀mí àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìdí tí sítíárìn ọkọ̀ kan fi ń le lọ́wọ́ awakọ̀ tí ti òmíràn sì ń fúyẹ́, àti ohun tí líle tàbí fífúyẹ́ náà ń fà lójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Agbègbè Ìkejà àti Agége ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ ya ilẹ̀ Ìkejà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967. Títí di òní, orúkọ Ọba C. D. Akran ti Badagry, tí ó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà, ni títì tí ó la àárín àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kọjá ń jẹ́. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkejà ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 títí di 2008. Gbogbo ohun tí ó wọ inú ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, àti gbogbo ohun tí ó jáde níbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé e. Ọkọ̀ gígùn ní láti fi ẹ̀yìn wọ géètì tóóró, kí ó sì tún yí padà sí títì tí dáńfó, kẹ̀kẹ́ ẹrù àti àwọn obìnrin oníbúrẹ́dì ti kún dẹ́nu. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ojú irin tí ó ti wà kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀ bá ọ̀nà mọ́tò Agége rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti apá kan lọ sí apá kejì ní láti ṣẹ́ kọ́nà tí ó ká bí apá. N kò mọ ibi tí a ti ń yí sítíárìn tó báyìí ní ilẹ̀ wa.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan lórí orúkọ. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ ìtọ́kọ̀, èyí tí a ń lò fún ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ lójú omi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, omi ni ó ti gòkè wá. Nígbà tí mọ́tò dé, a fi ọkọ̀ pè é, a sì mú awakọ̀ tẹ̀ lé e. Ìtọ́kọ̀ nìkan ni kò bá wọn gòkè. N kò rí dẹ́rẹ́bà kan rí ní Agége tí ó pè é bẹ́ẹ̀. Sítíárìn ni gbogbo wọn ń pè é, páwà sì ni orúkọ ẹ̀rọ tí ń ran sítíárìn lọ́wọ́. Èmi náà yóò tẹ̀ lé wọn.

Kí ni ó ń mú kí sítíárìn le? Ibi tí táyà mọ́tò kékeré ti kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ méjì bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iwájú ọkọ̀ jókòó lé. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí a sì yí sítíárìn, rọ́bà ibẹ̀ ní láti fara họ ọ̀dà títì bí ẹni ń fi ọlọ lọ ata. Ìdí nìyí tí sítíárìn fi ń le jù lọ nígbà tí ọkọ̀ kò rìn rárá. Kí táyà ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìbáà ṣe pé ìrìn ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ ń rìn, líle náà yóò dín kù gan-an. Àwọn awakọ̀ àgbà mọ èyí láìka ìwé. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń bá sítíárìn du lórí ìdúró, wọn a ní, "Jẹ́ kí ó rìn díẹ̀ ná."

Nígbà tí ọkọ̀ bá wá ń sáré, agbára mìíràn ni ó wọlé dé. Ọ̀pá tí táyà iwájú ń yí lé lórí kò dúró ṣánṣán; orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí irin iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe tẹ̀. Nítorí náà, táyà máa ń wá ọ̀gangan fúnra rẹ̀, bí a bá sì fà á sí ẹ̀gbẹ́, yóò fà padà. Ìfàpadà yìí ni ó ń bá ọwọ́ awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń sọ bí kọ́nà ṣe ká tó, ó ń sọ bóyá táyà di ilẹ̀ mú. Bí òjò bá rọ̀ sí Ọba Akran tí omi sì dúró lójú títì, ọkọ̀ tí ó bá sáré wọ inú omi náà lè gun orí omi, kí táyà má kan ilẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n: sítíárìn tí ó wúwo ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kọjá yóò ṣàdédé fúyẹ́ bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Líle sítíárìn nígbà náà kì í ṣe ìyà lásán. Ìròyìn ń bẹ nínú rẹ̀.

Ṣáájú páwà, ọ̀nà méjì péré ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní láti dín líle kù. Wọ́n lè mú kí sítíárìn fẹ̀, wọ́n sì lè ṣètò eyín irin inú rẹ̀ kí ó gba ìyípo púpọ̀ kí táyà tó yí díẹ̀. Ohun tí a jèrè ní agbára, a ó san án padà ní ìyípo. Ìjàpá tí àwọn ọmọ Jámánì ṣe, tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní 1975, kò ní ìṣòro yìí, nítorí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú rẹ̀ sì fúyẹ́. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún kan náà gbé ẹ́ńjìnnì síwájú, ẹni tí ó bá wa èyí tí kò ní páwà mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ sí àyè tóóró ní Allen Avenue. Dáńfó Kombi àkọ́kọ́ wà ní ààyè tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n awakọ̀ jókòó gẹ́lẹ́ sórí táyà iwájú pẹ̀lú èrò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sítíárìn sì fẹjú níwájú rẹ̀ bí àtẹ oníṣòwò. Kì í fi ọrùn-ọwọ́ yí i. Gbogbo ẹ̀yìn ni ó fi ń yí i.

Mólùè ni ó wá pabanbarì. Orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 ni àwọn ajórinmọ́rin ìlú wa kan bọ́dì rẹ̀ lé. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, ènìyàn ni a kó sí i, ìjókòó àti ìdúró, títí tí àwọn kan fi rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní páwà, ti àwọn tí ó sì ní in ti kú tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fojú bu ìṣirò kan, ìdíyelé lásán ni o: bí dẹ́rẹ́bà kan bá fi agbára tí ó tó gbígbé kílò 20 yí sítíárìn nígbà 200 láti òwúrọ̀ di alẹ́, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 4,000. Ọgọ́rin àpò sìmẹ́ńtì nìyẹn. Alábàárù tí ó bá gbé ọgọ́rin àpò lójúmọ́, gbogbo ayé ni yóò mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Dẹ́rẹ́bà jókòó, nítorí náà a kò ka tirẹ̀ sí iṣẹ́ agbára.

Mo fẹ́ fi èrò tèmi kan kún un, ẹ lè bá mi jiyàn. Gbogbo wa ni a ti bú dẹ́rẹ́bà mólùè tí ó dúró gbàgede sáàárín ọ̀nà mọ́tò Agége láti já èrò, tí kò yà sí ibùdókọ̀ tí a là fún un. A ní aláìgbọràn ni. Aláìgbọràn ni lóòótọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí yíyà náà ń bù lé e: kí ó yí sítíárìn sí ọ̀tún, kí ó dá a padà, kí ó tún yí i sí òsì láti jáde, kí ó sì tún dá a padà, pẹ̀lú ìwúwo bẹ́ẹ̀, ní ibùdókọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ara tí ó ti rẹ̀ yóò wá ọ̀nà àbùjá. Bákan náà ni awakọ̀ tí èjìká rẹ̀ ti kú kì í tètè yẹ̀ fún ẹni tí ó ṣubú lu títì. Ó ń yẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀, kò sì yẹ̀ tó. A ti dá ọ̀pọ̀ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi ìwà, nígbà tí ó yẹ kí a fi ara irin náà dá díẹ̀ nínú wọn lẹ́bi.

Ẹni tí ó wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí ni Francis W. Davis, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Pierce-Arrow, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Ó rí bí àwọn awakọ̀ ṣe ń jìyà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe. Ní 1926 ó ti ní mọ́tò tí páwà wà nínú rẹ̀ tí ó sì ń rìn. Ọ̀wọ́n gógó àwọn ọdún 1930 dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ogun àgbáyé kejì ni ó kọ́kọ́ rí ìwúlò rẹ̀, nínú àwọn ọkọ̀ ogun tí a fi irin bò. Ó di 1951 kí Chrysler tó fi í sínú mọ́tò tí ará ìlú lè rà. Ọdún 25 gbáko! Nítorí àárẹ̀ awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ṣe ronú kan ohun náà, ìgbádùn àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í tà. Ní Ìkejà náà, mọ́tò ọ̀gá pátápátá ti ní páwà tipẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ní in.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le yé ni. Wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín kan sí ìdí sítíárìn, ọ̀pá náà sì lè lọ́ díẹ̀. Bí táyà bá ń bá ọwọ́ awakọ̀ du, ọ̀pá yóò lọ́. Lílọ́ rẹ̀ yóò ṣí ojú fáàfù kan, òróró tí pọ́ńpù ń tì pẹ̀lú agbára yóò gba ojú náà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kan písítìnì, písítìnì yóò sì ti táyà sí ibi tí awakọ̀ ń fẹ́. Bí ọwọ́ bá dúró, ọ̀pá yóò nà padà, fáàfù yóò sì padé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ awakọ̀ ṣì so mọ́ táyà ní gbogbo ìgbà. Olùrànlọ́wọ́ ni òróró jẹ́.

Bẹ́lítì tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni ó sì ń yí pọ́ńpù. Níbẹ̀ ni wàhálà wà fún ìlú bíi tiwa. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pọ́ńpù pẹ̀lú ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà yẹn gan-an ni sítíárìn nílò ìrànlọ́wọ́ jù. Pọ́ńpù tí ó ti gbó yóò máa kérora. Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn dé òpin tí ó sì dì í mú síbẹ̀, òróró kò ní ibi tí yóò gbà, yóò máa gbóná, igbe rẹ̀ yóò sì gba àdúgbò. Àwọn awakọ̀ wa a máa ṣe èyí nígbà tí wọ́n bá ń dúró de àyè láti yí padà sí apá kejì títì. Kí wọ́n dá a padà díẹ̀ péré, igbe náà yóò dákẹ́, pọ́ńpù yóò sì pẹ́ láyé.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Ọ̀gbà, bẹ́lítì ọkọ̀ tèmi já nígbà tí mo ń wọ kọ́nà. Ó ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan gbá sítíárìn mú ní apá kejì. Iwájú mi gan-an ni obìnrin kan jókòó sí tí ó ń sun àgbàdo. Mo rò pé sítíárìn ti há, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ kí n sì tẹ búrẹ́kì nìkan. Ẹ̀rù ni ó mú kí n fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó sì yí. Kò há rárá. Ó le ni. Mo rò pé kò sí ohun tí mo lè sọ lónìí tí ó wúlò ju èyí lọ: bí páwà bá kú lójijì, sítíárìn ṣì ń darí ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Àwọn tí ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, nítorí àtidín owó epo kù, ń fi ọwọ́ ara wọn pa páwà, wọ́n sì ń pa ìrànlọ́wọ́ búrẹ́kì mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tún wá yọ kọ́kọ́rọ́, sítíárìn lè tì pa ní ti gidi.

Báwo ni ó ṣe ń le tó bí páwà bá kú? Òfin kan wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nọ́mbà rẹ̀ ni 79, tí ó fi ìwọ̀n sí i. Wọ́n ń dán ọkọ̀ wò ní kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Nínú mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, agbára ọwọ́ tí a ó fi wọ kọ́nà ìdánwò kò gbọdọ̀ ju 150 Newton lọ, èyí tí ó tó gbígbé kílò 15. Bí páwà bá kú, kò gbọdọ̀ ju 300 lọ. Fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, 200 ni ìwọ̀n rẹ̀, bí páwà bá sì kú, ó lè di 450. Kílò 45 nìyẹn, ó kù díẹ̀ kí ó tó àpò sìmẹ́ńtì kan, ó sì bófin mu. Ẹ ronú awakọ̀ àjàgbé tí páwà rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́ta, tí olówó ọkọ̀ ní kí ó máa mú un rìn bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n wá yí ojú sí ìhà kejì, nítorí àwọn kan yóò rò pé bí sítíárìn bá ṣe fúyẹ́ tó ni ó dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọkọ̀ lórí dáńfó líle, tí a wá fún ní ọkọ̀ tí ó ní páwà, yóò fi agbára àtijọ́ yí i. Lórí márosẹ̀ Abẹ́òkúta, ìyẹn tó láti sọ ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà nígbà tí ó bá ń yẹ̀ fún kòtò. Sítíárìn tí ó fúyẹ́ jù tún ń gbé ìròyìn ilẹ̀ mì. Citroën ti Faransé, tí ó ti fi páwà sínú DS ní 1955, rí èyí, nígbà tí ó sì di 1970, ó ṣe ọkọ̀ kan tí ó ń pè ní SM, tí sítíárìn rẹ̀ ń le sí i bí eré ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ojú tèmi, ibẹ̀ ni òye wà: kí ó fúyẹ́ ní géètì ilé iṣẹ́, kí ó sì wúwo lórí márosẹ̀.

Èyí tí iná mànàmáná ń tì ni ó sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rí. Suzuki ni ó kọ́kọ́ fi í sínú mọ́tò kékeré kan ní Japan ní 1988. Kò ní òróró, kò ní bẹ́lítì; mọ́tò iná kan ni ó ń ti sítíárìn, kọ̀ǹpútà kékeré sì ń pinnu ìwọ̀n rẹ̀. Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ti ọdún 2009 ní in, púpọ̀ nínú wọn sì ti di tòkúnbọ̀ lójú títì wa. Kì í ṣe pé kò ní àléébù o. Ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ìwádìí lórí Corolla ti 2009 àti 2010 nítorí pé àwọn awakọ̀ ń kọ̀wé pé ó ń yà sọ́tùn-ún sósì lórí eré, tí wọ́n sì ní láti máa tọ́ ọ ṣọ́nà ní gbogbo ìgbà. Mẹkáníìkì wa tí ó mọ òróró àti bẹ́lítì dunjú kò lè fi sípánà gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà yìí ń sọ, àwọn tí ó ti ra ẹ̀rọ tí a fi ń kà á sì ń bu owó lé oníbàárà gidigidi.

Kí a tó dá páwà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á wo táyà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé ń tẹ́ sílẹ̀, ó ń kan ilẹ̀ níbi púpọ̀, sítíárìn a sì le. Mo ti rí ẹni tí ó ra pọ́ńpù tuntun ní Ládípọ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí fọ́kánáísà ìdí ilé rẹ̀ lè fún un láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó nílò. Láti ìgbà tí Dunlop ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkejà, táyà àlòkù láti òkè òkun ti gba ọjà, ẹlòmíràn a fi oríṣi méjì sí iwájú, ọkọ̀ a wá máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìlú tí a ti ń wakọ̀ ní apá òsì, bíi Gẹ̀ẹ́sì, tí a wá gbé sítíárìn rẹ̀ kọjá sí òsì níbí, tún gba àyẹ̀wò tirẹ̀. Láti ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, tí a ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì, iṣẹ́ yìí kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà na rọ́bà òróró kọjá kì í jọra láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan sí èkejì.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí mo ń bi àwọn awakọ̀ àgbà ní gáréèjì Agége nípa sítíárìn àtijọ́, ìgbéraga ni ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wọn. Wọn a na apá wọn hàn mí. Wọn a ní sítíárìn ọkùnrin ni tiwọn, ti òde òní ni sítíárìn obìnrin. Bí mo bá dúró pẹ́ díẹ̀, wọn a wá sọ ti èjìká tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn lóru, àti ìka tí kò lè ká mọ́. Sítíárìn líle ni ìdáhùn tí wọ́n ń fún obìnrin tí ó bá ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ èrò ńlá: "Ìyá, ẹ kò lè yí i." Nínú mólùè, òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin, bí ó ti jẹ́ òótọ́ fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò fẹ́ gbà. Ọkọ̀ BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2008 gùn ju mólùè lọ, ó sì wúwo jù ú, ṣùgbọ́n páwà wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin wà lára àwọn tí ó ń wà á.